Kámẹ́rà Ò Rí Nǹkan Kan, Àyà Ṣì Ń Jó: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Wá Àìsàn Ásíìdì Inú Ikùn

Ohun tí mo sọ lórí ètò náà ni mo tẹ̀ síbí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àyà tó ń jó, omi kíkan tó ń gòkè wá sí ọ̀fun, àti kámẹ́rà tí àwọn dókítà máa ń tì bọ inú èèyàn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká dáhùn. Tí wọ́n bá ti kámẹ́rà bọ inú ẹnì kan, tí wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, ṣé ìyẹn túmọ̀ sí pé nǹkan kan ò ṣe onítọ̀hún?

Rárá o. Àlàyé ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ètò tòní.

Gbogbo inú rírun kọ́ ni ulcer

Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo inú rírun ni ulcer. Ẹni tí inú ń run nítorí pé kò tíì jẹun, ulcer ni. Ẹni tí àyà ń jó lẹ́yìn tó jẹun yó, ulcer náà ni. "Mi ò lè gbààwẹ̀ o, mo ní ulcer." Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò sì tíì ṣe àyẹ̀wò kankan rí, oníkẹ́mísì àdúgbò ló fi orúkọ náà jì wá.

Ulcer gan-an jẹ́ ojú ọgbẹ́ tó wà nínú àpò ikùn tàbí níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á: kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori, àti oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí èèyàn ń lò léraléra.

Àìsàn tí à ń sọ lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn. GERD ni àwọn dókítà ń pè é. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà oúnjẹ, ìyẹn ihò gígùn tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun dé àpò ikùn. Ó gùn tó bíi 25 sẹ̀ǹtímítà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, iṣan róbótó kan wà tó ń ṣe bí okùn ẹnu àpò. Tí a bá gbé oúnjẹ mì, á tú. Tí oúnjẹ bá ti kọjá, á fún padà. Tí okùn yìí bá wá ń tú nígbà tí kò yẹ, ásíìdì inú ikùn á gba ibẹ̀ gòkè.

Ásíìdì yìí kì í ṣe ọ̀tá wa. Òun ló ń bá wa da oúnjẹ, tó sì ń pa kòkòrò. Inú àpò ikùn ní ohun kan tó ń yọ̀ bí ilá tó bò ó, tí ásíìdì ò fi lè jẹ ẹ́. Ọ̀nà oúnjẹ ò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń jó.

Àmì rẹ̀ tí ẹ máa gbọ́ jù ni iná tó ń jó lẹ́yìn egungun àyà lẹ́yìn oúnjẹ, tó tún máa ń le sí i tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá dùbúlẹ̀. Òmíràn ni omi kíkan tó ń bọ́ sí ẹnu lójijì. Fún àwọn kan, ikọ́ tí kò lọ ni, tàbí ohùn tó ń há.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ níbí. Kì í ṣe gbogbo àyà dídùn ni ásíìdì. Tí àyà bá ń fún èèyàn bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bọ̀, tí èémí ò délẹ̀, ẹ má mu omi gbígbóná, ẹ má wá omeprazole. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ọkàn ló lè jẹ́.

Láti ọ̀dọ̀ agbédà-mì dé orí kámẹ́rà

Wíwo inú alààyè jẹ́ nǹkan tí àwọn dókítà ti ń lépa tipẹ́. Ní 1868, dókítà ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Adolf Kussmaul, ní ìlú Freiburg, lo ọkùnrin kan tó máa ń gbé idà mì fún èrò ìwòran. Ó ní tí ọkùnrin yìí bá lè gbé idà mì, á lè gbé páìpù irin mì. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ṣùgbọ́n páìpù irin kì í tẹ̀, iná tó sì wà nígbà náà ò tó láti fi ríran dáadáa.

Ó di 1957 kí ọ̀nà àbáyọ tó wà. Basil Hirschowitz, dókítà tí wọ́n bí ní South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe okùn kan tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín hun, tí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá bó tilẹ̀ tẹ̀. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó gbé e mì fúnra rẹ̀ kó tó fi wo aláìsàn. Nígbà tó di àárín ọdún 1980 sí 1989, kámẹ́rà kékeré ti bọ́ sí ẹnu okùn náà, àwòrán sì ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Èyí tí wọ́n ń lò lónìí ò ju ìka ọwọ́ lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú. Ẹ ò ní jẹun fún wákàtí mélòó kan ṣáájú. Wọ́n á fọ́n oògùn sí yín lọ́fun kó lè kú, wọ́n sì lè fún yín ní oògùn tó máa jẹ́ kí ẹ tòògbé. Ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Kò gba ọ̀nà èémí kọjá, nítorí náà ẹ ó máa mí bó ṣe yẹ. Ó sábà máa ń parí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ń ṣe é ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bí UCH ní Ìbàdàn àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ funfun lè rí

Tí dókítà bá dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ, ó ń wá ibi tí ásíìdì ti bó. Tó bá rí i, ó ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á. Los Angeles ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ níbi ìpàdé àgbáyé kan ní 1994. A ni ibi tó bó tí kò ju mílímítà 5 lọ. B ni èyí tó gùn ju 5 lọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì gba orí ìṣẹ́po kan bọ́ sí orí èkejì. Ní C, bíbó náà ti so orí ìṣẹ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀. D ni èyí tó ti yí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà oúnjẹ ká.

Tí ẹ bá rí C tàbí D lórí ìwé àyẹ̀wò yín, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, ásíìdì ni. Ìṣòro tó wà ni pé nínú èèyàn mẹ́wàá tí ásíìdì ń dà láàmú, ó lè tó mẹ́fà tàbí méje tí kámẹ́rà lásán ò ní rí ojú bíbó kankan lára wọn. Àyà ń jó wọn lóòótọ́, ásíìdì ń gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ọ̀nà oúnjẹ wọn ń dán bíi ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Ohun mìíràn tún wà. Tí èèyàn bá ti ń lo omeprazole fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò, oògùn náà ti lè wo ojú bíbó sàn. Kámẹ́rà á dé, ẹ̀rí á ti lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí ẹnì kan dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ṣáájú. Dókítà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹ má dá a ṣe fúnra yín.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan jẹ́ aránṣọ. Orí maṣíìnì ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti àárọ̀ dalẹ́, orí ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sì ń fara tì sùn. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí, ìwé jáde pé kò sí nǹkan kan. Owó tí wọ́n fi ṣe é, àpò ara wọn ni wọ́n ti yọ ọ́. Látìgbà náà ni ẹnu ti ń kùn nínú ẹbí. Ẹnì kan ní wọ́n kàn fẹ́ ká máa ṣàánú wọn ni. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni, pé ohun tí ẹ̀rọ òyìnbó ò bá rí, ilé alásọtẹ́lẹ̀ ni ká gbé e lọ. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń ná owó kiri lórí àìsàn tó ní orúkọ, kí dókítà kan tó jókòó tì wọ́n, tó béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń sùn àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ níbi iṣẹ́, tó wá fún wọn ní ìtọ́jú tó péye. Ọ̀rọ̀ "kò sí nǹkan kan" yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ìmọ́lẹ̀ tuntun

Ìmọ́lẹ̀ funfun jẹ́ àpapọ̀ gbogbo àwọ̀. Ẹ ti rí òṣùmàrè. Gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ ló para pọ̀ di funfun. Àwọn onímọ̀ ní Japan, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Olympus, wá bi ara wọn pé: tí a bá yọ àwọn àwọ̀ kan kúrò, tí a fi èyí tí ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé mì sílẹ̀ ńkọ́? Ohun tí wọ́n ṣe jáde ni wọ́n ń pè ní NBI.

Ìmọ́lẹ̀ méjì péré ni NBI ń lò: aláwọ̀ búlúù tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 415 nánómítà, àti aláwọ̀ ewé tó jẹ́ 540. Ohun pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yìí mọ́ra gan-an. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà á ṣókùnkùn, ibi tí kò bá sí á mọ́lẹ̀. Búlúù kì í wọlé jìn, òun ló ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-tín tó wà lójú ara hàn. Aláwọ̀ ewé máa ń wọlé jìn díẹ̀ sí i, ó ń fi àwọn tó wà nísàlẹ̀ hàn.

Ẹ fi wé ẹni tó ń wá òwú pupa lára aṣọ pupa. Ó wà níbẹ̀, ojú kàn ò rí i ni. Tí a bá wá yí ìmọ́lẹ̀ inú yàrá padà, tí òwú náà dúdú, tí aṣọ sì mọ́lẹ̀, ọmọdé á rí i. A ò fi ohun kankan kun aṣọ náà o. Ìmọ́lẹ̀ nìkan la yí padà.

Kí ni wọ́n wá ń rí lára ẹni tí ásíìdì ń dà láàmú? Nínú awọ ọ̀nà oúnjẹ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kan wà tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ ẹja. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì tò dáadáa. Àwọn olùwádìí rí i pé lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní GERD, àwọn ìwọ̀ yìí máa ń fẹ̀, wọ́n máa ń pọ̀ sí i, wọ́n sì máa ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Àwọn ojú bíbó kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ funfun fò dá náà lè hàn.

NBI nìkan kọ́ ló wà. Fujifilm ní BLI àti LCI; LCI máa ń jẹ́ kí ohun tó pọ́n pọ́n sí i, kí èyí tó funfun sì funfun sí i. Pentax ní i-scan. Àwọn kámẹ́rà kan ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po bíi 100. Èyí tó ń lo iná lésà, confocal, máa ń sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po bíi 1,000, tó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ara gan-an ni dókítà ń wò láì tíì gé ẹran ara kankan. Ọ̀nà tó rọrùn náà wà: wọ́n lè wọ́n áyódíìnì sí i, kí sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí èyí tí kò dá dúró láìyí padà. Wọ́n sì lè lo ásíìdì inú fínígà tí wọ́n ti fi omi là, láti fi mọ ibi tí awọ ti di nǹkan mìíràn.

Ibi tí ó ti wúlò jù

Nǹkan mìíràn náà ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Tí ásíìdì bá ń jó ọ̀nà oúnjẹ fún ọdún púpọ̀, awọ ibẹ̀ lè pa ara dà, kó di irú èyí tó jọ ti ìfun. Barrett ni wọ́n ń pè é, nítorí Norman Barrett, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó kọ nípa rẹ̀ ní 1950. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i ò ní ní jẹjẹrẹ láéláé. Ṣùgbọ́n fún àwọn díẹ̀, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó ti lé ní 50 ọdún ju láàárín àwa èèyàn dúdú lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé kò lè ṣe wá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ láyé àtijọ́ ni pé wọ́n á máa gé ẹran ara díẹ̀díẹ̀ lọ yẹ̀wò ní ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 2. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gígé lásán lè fo ibi tó burú dá. Ìmọ́lẹ̀ tuntun yìí ń jẹ́ kí dókítà mọ ibi tó yẹ kó gé gan-an, ibi tí ìlà awọ ti dàrú tàbí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti lọ́ ségesège. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gba inú kámẹ́rà náà yọ ọ́ kúrò láì ṣí àyà. Tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó rí i, ọ̀rọ̀ ọ̀hún á le.

Àwòrán nìkan ò tó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tuntun dẹ́rù bà yín tàbí gba owó lọ́wọ́ yín lásán. Dókítà méjì lè wo àwòrán NBI kan náà kí ohun tí wọ́n rí má dọ́gba. Ìfohùnṣọ̀kan kan wà tí àwọn onímọ̀ kárí ayé fi orúkọ ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé pè. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018, wọ́n sì ti tún un ṣe látìgbà náà. Nínú àtúnṣe náà, ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀rí tó dájú ni B, C tàbí D ti Los Angeles. Barrett tí wọ́n gé ẹran ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Ọ̀nà oúnjẹ tí ásíìdì ti mú kó dí. Tàbí òǹkà ásíìdì fúnra rẹ̀. Ìyípadà iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ NBI nìkan ò sí lára wọn. Ó ń tọ́ka ni, kì í ṣe òun ló ń dájọ́.

Òǹkà ásíìdì yìí ló yẹ kí ẹni tí kámẹ́rà ò rí nǹkan lára rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á ki wáyà tín-ín-rín gba imú wọ ọ̀nà oúnjẹ fún wákàtí 24, tàbí kí wọ́n lẹ kápúsù kékeré kan mọ́ inú rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Á máa ka iye ìgbà tí ásíìdì gòkè. Tí ásíìdì bá wà níbẹ̀ fún ohun tó ju ìdá 6 nínú 100 àkókò náà lọ, ìyẹn bíi ìṣẹ́jú 86 nínú wákàtí 24, ẹ̀rí ti dé. Tí kò bá tó ìdá 4, kò sí àpọ̀jù ásíìdì níbẹ̀ nìyẹn, kí dókítà wá ìdí mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò kámẹ́rà pàápàá. Fún ẹni tí àyà kàn ń jó, tí kò ní àmì ewu, ohun tí dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kó fún un ní oògùn bí omeprazole fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé e mì lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí kìkì ọjọ́ tí àyà bá jó, a wá ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ gbé igi tàbí búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí lásán ń ká ikùn kò ni. Àmàlà aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ jẹ ẹ́ ní aago méje. Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́ta wà láàárín oúnjẹ àti orun. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ fi sùn.

Àwọn àmì ewu rèé, tí kò yẹ kí ẹ fi tọ́jú ara yín nílé: oúnjẹ tó ń há lọ́fun, ara tó ń rù láìnídìí, èébì ẹlẹ́jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, àti àìtó ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ lọ ṣe endoscopy.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe é, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ṣé kí n dá oògùn mi dúró ṣáájú? Ṣé ẹ̀rọ yín ní NBI tàbí irú rẹ̀, ṣé ẹ ó sì tàn án? Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, bọ́tìnì kan péré ni. Ṣé mo lè gba àwòrán náà lọ sílé? Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, kí ló kàn?

Ìbéèrè kẹrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù. "A ò rí nǹkan kan" jẹ́ èsì nípa ohun tí kámẹ́rà rí lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe èsì nípa bóyá òótọ́ ni aláìsàn ń sọ.

Ibi tí a ó ti dánu dúró nìyí. Tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kó mú un dání lọ bá dókítà rẹ̀.